Kí Ayàwòrán Tó Lóṣòó Sẹ́nu Ọ̀nà Òǹkọ̀wé

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níwájú àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán ní Iléṣà nìyí. Mo ti yọ àwọn ibi tí mo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára pátákó kúrò, mo sì fi díẹ̀ nínú ìbéèrè tí wọ́n bi mí kún un.

Ẹ̀yin ọmọ Ọwá Obòkun, mo kí i yín. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru. Wọ́n ní kí n wá sọ bí òǹkọ̀wé àti ayàwòrán ṣe lè jọ ṣiṣẹ́ tí wọn ò fi ní bá ara wọn jà. Nígbà tí mo ń bọ̀ láti Ilé-Ifẹ̀ láàárọ̀ yìí, ẹni tó jókòó tì mí nínú mọ́tò béèrè ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe ní Iléṣà. Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé ìyẹn náà ń fẹ́ àsọyé? Ẹni tó gbéṣẹ́ síta kó sanwó, ẹni tó gbaṣẹ́ kó ṣe é." Mo ní òótọ́ lẹ sọ. Ká ní bẹ́ẹ̀ ló ń rí ni, ilé ni mi ò bá sùn sí lónìí.

Mo mọ ìhà méjèèjì. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ń ya àwòrán sínú ìwé àwọn ẹlòmíràn kí n tó kọ ìwé ọmọdé tèmi. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, mi ò yà á fúnra mi. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Mo gbé iṣẹ́ náà fún ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ dáa ju tèmi lọ, kò sì pé oṣù méjì tí mo fi ṣe gbogbo ohun tí mo máa ń bú òǹkọ̀wé fún sí i lára. Màá dé orí ìyẹn.

Ọ̀dọ̀ yín níbí ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀yin lẹ ni òṣómàáló. Kò sí ibi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n nílẹ̀ Yorùbá. Bàbá Ìjẹ̀ṣà á di aṣọ rù, á wọ abúlé tí ọ̀nà mọ́tò ò dé, á tà á láwìn, á padà wá gbowó. Bí onígbèsè bá ní kò sí, bàbá á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀: òṣó ni òun máa ló títí òun á fi gbowó òun. Àwa ará ibòmíràn fi orúkọ yẹn ṣẹ̀fẹ̀ títí ó fi di orúkọ gbogbo yín. Ṣùgbọ́n òṣòó nìkan la rántí, a gbàgbé ohun tó ṣáájú òṣòó. Kí bàbá yẹn tó tú ẹrù aṣọ, ó ti sọ iye tí aṣọ jẹ́ bó bá jẹ́ owó ọwọ́, ó ti sọ iye tó jẹ́ bó bá jẹ́ àwìn, èyí tó máa ń gbówó lórí jù. Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n á fi san án? Ó ti sọ. Ìgbà wo ló ń padà bọ̀? Ó ti sọ. Onígbèsè tó rí i lẹ́nu ọ̀nà kò lè ní òun ò mọ ohun tó wá ṣe. Òṣòó ló gbẹ̀yìn ètò, kì í ṣe òun ni ètò.

Àwọn ayàwòrán tiwa ń lóṣòó láìṣe ètò kankan. Orí WhatsApp ni wọ́n ti ń ló o báyìí. "Ẹ kú àárọ̀, sà." Ọjọ́ mẹ́ta, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Mo ní kí n kàn kí yín ni." Kò sẹ́ni tó ń kàn kí ọ̀gá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀. Owó ló ń béèrè, ojú ló ń tì í, torí kò sí ọjọ́ kan tí àwọn méjèèjì dá tó lè nàka sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe kọ́ ẹ̀kọ́ tèmi. Bàbá kan, olùkọ́ àgbà, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó kọ ìtàn ọmọdé, ó pè mí. Àwòrán mẹ́rìnlá ni. Mo béèrè iye tó fẹ́ san, ó ní, "Ọmọ mi, máa ṣe é lọ, a ò ní jà." Ẹ̀yin èèyàn mi, láti ìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé gbólóhùn tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ yìí ni "a ò ní jà." Ẹni tó bá sọ ọ́ kì í purọ́, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n iye kan ti wà lọ́kàn òun náà tí kò sọ, iye kan wà lọ́kàn tèmi tí n kò sọ, àwọn iye méjèèjì ò sì tíì ríra rí. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ya mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá. Nígbà tí mo kó wọn lọ, bàbá ní ọmọ òun tó fẹ́ náwó ìwé náà ti rìnrìn àjò, ká fi í sílẹ̀ ná. Ìwé náà ò jáde dòní. Mi ò rí kọ́bọ̀. Bàbá náà ò sì ṣe mí níbi, torí nígbà tí mo jókòó rò ó, n kò lè sọ ohun kan pàtó tó ṣèlérí tí kò mú ṣẹ.

Nítorí náà, ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ ń bi òǹkọ̀wé kì í ṣe ti iye owó. Mo máa ń bi í pé: nígbà tí ẹ bá sanwó àwòrán, kí lẹ rà? Wọ́n á ní, "Àwòrán náà ni." Bí mo bá ra ewúrẹ́, mo lè pa á, mo lè sìn ín, mo lè tún un tà. Wọ́n rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni. Rárá o. Àwòrán jọ ilé ju ewúrẹ́ lọ. Ẹni tó sanwó ilé ọdún kan lè sùn, lè dáná, lè gbàlejò nínú rẹ̀. Kò lè tà á, torí ìwé ilẹ̀ ò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ, òun ló ń sọ ẹni tó láṣẹ lórí iṣẹ́ tí èèyàn kọ tàbí tó yà. Èyí tí a ń lò ní Nàìjíríà báyìí ni ti 2022, èyí tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023. Òun ló gba ipò òfin 1988. Ohun tó sọ nípa iṣẹ́ tí a gbé fún oníṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe àdììtú. Ọwọ́ ẹni tó ya àwòrán ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíràn ló gbé iṣẹ́ fún un tó sì sanwó rẹ̀ pé, àfi tí wọ́n bá jọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ẹ̀tọ́ yẹn tó lè kúrò lọ́wọ́ ayàwòrán bọ́ sí ọwọ́ òǹkọ̀wé, ó gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀. Kí òǹkọ̀wé tó lè ní òun nìkan ló láṣẹ láti máa lò ó, ó gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣẹ lásán, irú èyí tó ní "mú un, fi sínú ìwé rẹ," ìyẹn lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, kódà ó lè hàn nínú ìṣesí àwọn méjèèjì. Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bẹ́. Òǹkọ̀wé tó fi ọ̀rọ̀ ẹnu gbéṣẹ́ fúnni, tó sanwó, tó tẹ ìwé, kò jí nǹkan kan. Àṣẹ wà fún un láti tẹ ìwé. Ìyẹn nìkan ló sì ní.

Ẹ jẹ́ ká ní ẹnì kan kọ ìtàn ìjàpá, ó san ₦200,000 fún àwòrán rẹ̀, ìwé jáde, ó tà. Lọ́dún kejì, ó gbé ìjàpá náà sára ìwé àjákọ tí wọ́n ń tà lọ́jà Atákúnmọ̀sà. Lọ́dún kẹta, ó sọ ọ́ di fídíò. Bí ayàwòrán bá dìde wí pé èwo ni tìyẹn, òun ni òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Òǹkọ̀wé á máa pariwo pé "Mo sanwó o!" Òótọ́ ni, ó sanwó ìwé. Ẹ tún yí i padà. Ayàwòrán kan náà lè mú ìjàpá yẹn, kó tún tà á fún òǹkọ̀wé mìíràn tó ń gbé Ìbàdàn, nígbà tí kò sí àkọsílẹ̀ tó ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Òǹkọ̀wé àkọ́kọ́ á wọ ilé ìwé kan, á bá ìjàpá rẹ̀ nínú ìwé ẹlòmíràn, pẹ̀lú fìlà kan náà lórí. Àwọn méjèèjì nìyẹn kò jalè, àwọn méjèèjì ló sì ń bínú.

Ẹ má sì rò pé ẹ̀tọ́ náà á tètè tán. Ẹ̀tọ́ yẹn wà títí ayàwòrán á fi kú, á tún wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tó kú. Ọmọ ọmọ yín ni yóò máa bá ọmọ ọmọ rẹ̀ fà á. Kò dúró de ìgbà tó bá lọ forúkọ sílẹ̀ níbì kan. Láti ìgbà tó ti yà á ló ti ní i. Torí pé Nàìjíríà ti wà nínú àdéhùn Berne láti 1993, ìyẹn èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àdàkọ ara wọn, ẹ̀tọ́ ọ̀hún kò parí sí bodè Ìdí-Ìrókò. Ìwé tí ẹ bá gbé sórí Amazon, ó ń tẹ̀lé e lọ.

Kí wá ni kíkọ? Ojú ewé kan tó. Ìwé wo la ń yàwòrán fún? Èdè wo? Èyí tó jẹ́ ti èdè ṣe pàtàkì gan-an fún àwa tí à ń kọ Yorùbá, torí bí olùtẹ̀wé kan, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń gbé ìwé jáde, bá fẹ́ tú ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé lọ́la, ṣé àwòrán á bá a lọ, àbí a ó tún sanwó? Ṣé ìwé orí bébà nìkan ni, àbí èyí tí wọ́n ń kà lórí fóònù wà níbẹ̀? Ẹ̀dà mélòó? Ǹjẹ́ a lè fi í sára aṣọ àti ife? Ẹni tó bá fẹ́ ra gbogbo rẹ̀ pátá, kó sọ bẹ́ẹ̀, kó san iye tó tó gbogbo rẹ̀. Kò burú. Owó ilé àti owó ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà, gbogbo yín mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká yà sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé díẹ̀, torí ibẹ̀ ni òǹkọ̀wé ti ń ṣi iṣẹ́ gbé fúnni. Ìwé ọmọdé alàwòrán tó wọ́pọ̀ jù máa ń jẹ́ ojú ewé 32. Bébà ló fà á. Ẹ mú bébà ńlá kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ tojú-tẹ̀yìn, ẹ ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ojú ewé 16 ni. Irú rẹ̀ méjì, 32. Ẹ yọ ojú ewé àkọlé àti ti àwọn tó ni ẹ̀tọ́ kúrò, ohun tó kù fún ìtàn á tó ojú ìwé mẹ́rìnlá bí a bá ṣí i sílẹ̀ gbayawu tí ojú ewé méjì kọjú síra. Mẹ́rìnlá yẹn ni ayàwòrán ń dá owó lé, òun ló ń dá ọjọ́ lé. Òǹkọ̀wé tó bá wá pè é lóru, "Àbúrò, mo fi nǹkan kékeré kan kún un, wọ́n lọ sódò," kò mọ̀ pé odò yẹn ti sọ ìwé di ojú ewé 34. Bébà kì í ṣẹ́ po sí 34. Ó di 36 kó tó ṣeé fi irin gán, owó bébà lọ sókè, àwòrán méjì ló sì wá lé tí ẹnikẹ́ni ò sanwó rẹ̀. Ẹ parí ìtàn yín kí ẹ tó pe ayàwòrán. Ẹ fún ẹlòmíràn kà, kí ó bá yín gé ohun tí yóò gé.

Èmi náà ti jẹ̀bi bébà rí. Nínú iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe, mo gbé ojú kábíyèsí sí àárín gbùngbùn níbi tí ojú ewé méjì ti pàdé. Ó dára lórí tábìlì mi. Nígbà tí ìwé dé, irin méjì wọ kábíyèsí nímú. Òǹkọ̀wé ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọdún kan, ẹ̀bi rẹ̀ kọ́.

Ó di orí ohun tí mo ṣe fún ọmọbìnrin tó ya ìwé mi. Ìyá kan wà nínú ìtàn náà. Mo ní kó wọ àdìrẹ. Ó yà á, ó kùn ún tán, mo ní kó jẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ó tún un ṣe. Mo ní irun yẹn, ṣé kò ní dáa bó bá jẹ́ ṣùkú? Ó tún un ṣe. Mo ní ojú rẹ̀ le jù. Ó mú un rọ̀. Mo ní ó ti rọ̀ jù. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni, mo ti kà á nínú fóònù mi kí n tó wá síbí. Lẹ́ẹ̀kẹwàá, ó kọ̀wé sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìyá yín ni ẹ fẹ́ kí n yà ni?"

Ara mi bù máṣọ. Ìyá mi ni. N kò mọ̀ títí ó fi sọ ọ́. Mo fi fọ́tò màmá ránṣẹ́, ìyẹn tí wọ́n yà nígbà tí wọ́n ṣì ń ta aró, ó sì yà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó bọ́ sí i. Mo fi owó ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án yẹn kún owó rẹ̀. Kò béèrè.

Láti ìgbà yẹn, bí òǹkọ̀wé bá wá bá mi, mo máa ń ní kó kọ́kọ́ jókòó ti ìtàn rẹ̀ pẹ̀lú bírò, kó kọ ohun tí ìtàn ò sọ. Ṣé ìyá yìí kọ ilà? Ilé páánù ni wọ́n ń gbé ni àbí ilé tí wọ́n fi koríko bò? Ọdún wo nìtàn yìí ṣẹlẹ̀, ṣé fóònù wà? Ìtàn ní "wọ́n ń lu ìlù." Ìlù wo? Mo ti rí ìwé tí wọ́n ti fi igi gbọọrọ lu dùndún, bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹgọ́ dùndún tẹ̀ bí ẹnu àwòdì. Gbogbo èèyàn bú ayàwòrán. Ọmọ ìlú ńlá ni, íntánẹ́ẹ̀tì ló ti wò ó. Àmọ́ òǹkọ̀wé tó kọ "ìlù" lásán, tó rí àwòrán náà nígbà tó ṣì jẹ́ pẹ́ńsùlù tí kò sọ̀rọ̀, kí la fẹ́ pe tiẹ̀?

Ìgbà pẹ́ńsùlù ni ìgbà àtúnṣe. Ìwé àdéhùn mi máa ń sọ pé ẹ lè tún pẹ́ńsùlù ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀fẹ́ ni. Bí àwọ̀ bá ti bọ́ sí i, àṣìṣe ayàwòrán ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ọkàn òǹkọ̀wé ló yí padà, owó ni. Ọkàn lè yí, kò sófin tó ní kó má yí.

Owó wá kù. Ìpín mẹ́ta ni mo máa ń pín in sí. Ọ̀kan nígbà tí a bá fọwọ́ síwèé, ọ̀kan nígbà tí òǹkọ̀wé bá fọwọ́ sí pẹ́ńsùlù, èyí tó kù nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, kí fáìlì ńlá tó kúrò lọ́wọ́ ayàwòrán. Mo sọ pé "kí ó tó kúrò." Aṣọ òṣómàáló ṣeé bọ́ lọ́rùn onígbèsè, àwòrán tó ti dé ilé ìtẹ̀wé kò ṣeé bọ́. Bí iṣẹ́ bá dúró lójú ọ̀nà, bíi ti bàbá mi olùkọ́ àgbà, owó ibi tí a bá a dé á di ti ayàwòrán, àwòrán náà á sì padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ báyìí, tó fẹ́ san án nígbà tí ìwé bá tà, kó mọ̀ pé iye àwìn yàtọ̀ sí iye owó ọwọ́. Àwọn baba yín ò tijú sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan máa ń ní kí ayàwòrán má gbowó, kó dúró gba róyátì, ìyẹn ìpín nínú iye tí wọ́n bá ta ìwé. Àwọn olùtẹ̀wé ńlá lókè òkun ń ṣe é. Nínú ìwé ọmọdé alàwòrán, ó wọ́pọ̀ kí wọ́n yọ 10 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀, kí òǹkọ̀wé mú 5, kí ayàwòrán mú 5, wọ́n á sì ti san àsansílẹ̀ lé e lórí. Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sílé. Ìwé yín jẹ́ ₦3,000. Márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦150. Ẹ tẹ 500, ẹ tà á tán láìku ọ̀kan, ₦75,000 ni. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́rìnlá, ojú àwòrán kan ò tó ₦5,500, ó sì lè gba ọdún mẹ́ta kó tó tán nílẹ̀. Ta ni yóò sì bá ayàwòrán ka iye tó tà? Òǹkọ̀wé tó ń kó ìwé sẹ́yìn ọkọ̀ lọ sí ìpàdé àwọn òbí, tó fún àlùfáà méjì lọ́fẹ̀ẹ́, kò mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀. Èyí tí mo fọwọ́ sí ni kí a dá iye kan fún ẹ̀dà 1,000 àkọ́kọ́, kí a kọ ọ́ pé bí ẹ bá tún un tẹ̀, ẹ ó san ìdá kan lé e. Títún ìwé tẹ̀ kì í ṣe ohun tó ṣeé fi pamọ́, ilé ìtẹ̀wé á sọ̀rọ̀.

N kò ní gbè sẹ́yìn ayàwòrán ju bó ṣe yẹ lọ, mo mọ̀ wá. Ayàwòrán á gba iṣẹ́ márùn-ún lóṣù kọkànlá, á gba àsansílẹ̀ márààrún, á pa fóònù. NEPA ló ń bú. Ìwé tí wọ́n fẹ́ fi ṣe àjọ̀dún ọmọdé ní Kérésìmesì á dé ní oṣù kejì. Bí ayàwòrán bá fẹ́ kí owó òun ní ọjọ́, iṣẹ́ rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ní ọjọ́, kí ìwé àdéhùn sì sọ iye tí yóò dá padà bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀.

Orúkọ ńkọ́? Gbogbo yín mọ Ìkẹ́rẹ́, Èkìtì kò jìnnà sí wa. Olówè ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà, ọba ìlú náà. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù. British Museum, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà níbẹ̀, fẹ́ ẹ, Ògògà sì ní òun ò ní ta á, àfi kí wọ́n ṣe ìtẹ́ kan ní àṣà ìlú òyìnbó fún òun. Wọ́n ṣe é, ilẹ̀kùn kò padà wálé. Ọba mọ ohun tó ní, ó sì mọ ohun tó fẹ́ fi pààrọ̀. Orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ wá ńkọ́? Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó Olówè ló dì í mú nínú oríkì, ó ka àwọn ààfin tí iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ wà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ọdún mẹ́rin ló fi gbẹ́gi lọ́dọ̀ Ògògà. Ayàwòrán ìsinsìnyí kò níyàwó tí yóò ki í. Nítorí náà ẹ kọ orúkọ rẹ̀ síwájú ìwé, lábẹ́ tiyín, kí ó ṣeé kà. Òfin náà dá a mọ̀: bó tilẹ̀ ta gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún yín, ẹ̀tọ́ pé kí a dárúkọ rẹ̀ sí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá a lọ.

Ti fáìlì ò pẹ́. Iye àmì 300 nínú ínǹṣì kan, ní ìwọ̀n tí a fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Kí àwòrán kọjá etí bébà pẹ̀lú mìlímítà mẹ́ta, torí ọ̀bẹ atẹ̀wé kì í gé gẹ́lẹ́. Àwọ̀ orí fóònù máa ń tàn ju ti bébà lọ, ẹ tẹ ojú ewé kan wò kí ẹ tó tẹ gbogbo rẹ̀. Ẹ má gba iṣẹ́ tó parí bíi fọ́tò WhatsApp, WhatsApp ti sọ ọ́ di kékeré kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Bó bá jẹ́ olùtẹ̀wé ló gbéṣẹ́ jáde, òun ló máa ń mú ayàwòrán, ẹ lè máà rí ara yín títí ìwé á fi jáde. Ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, ìwé àdéhùn yín wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán fúnra rẹ̀ náà ti dé. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn bóyá a lè lò ó tàbí a ò lè lò ó. Ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àdàkọ ní Amẹ́ríkà ti ní àwòrán tí ẹ̀rọ nìkan yà kò ní ẹ̀tọ́ àdàkọ. Ẹni tó bá wá fi irú rẹ̀ sẹ́yìn ìwé tó sì ń tà á níbẹ̀, kó má bínú bí ó bá rí i lára ìwé ẹlòmíràn.

Mo dákẹ́ níbẹ̀, wọ́n ní kí àwọn èèyàn béèrè ọ̀rọ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó dúró nítòsí ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá dárúkọ àsansílẹ̀, wọ́n á ní mò ń gbéra ga, wọ́n á wá ẹlòmíràn lọ." Mo ní wọ́n á lọ lóòótọ́, n kò lè tàn ọ́. Àwọn kan á lọ. Mo ti ṣiṣẹ́ fún àwọn tó lọ yẹn rí, àwòrán mẹ́rìnlá ni, ó ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín, ó kọ nǹkan sẹ́yìn bébà ètò tí wọ́n pín fún wa.

Ìyá kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ní, "Ọmọ mi, bó bá jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló fẹ́ bá mi yà á ńkọ́? Ṣé èmi náà ni màá mú bébà àdéhùn dání lọ bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi?" Mo ní, "Mà, òun gan-an lẹ máa mú un lọ bá. Bí ẹ bá bá ará ìta jà, ó parí síbẹ̀. Bí ẹ bá bá ọmọ ẹ̀gbọ́n yín jà, ó di inú ìnáwó ìdílé, wọ́n á máa wo ẹni tó ra aṣọ ẹbí àti ẹni tí kò rà. Yorùbá lẹ lè fi kọ ọ́. Ojú ewé kan. Ẹ fọwọ́ sí ẹ̀dà méjì, kálukú á mú ọ̀kan." Ó mi orí, kò dà bíi pé ó gbà.

Ẹlòmíràn béèrè bóyá lọ́yà pọn dandan. Mo ní fún owó kékeré, rárá. Bí ẹ bá ń ra gbogbo ẹ̀tọ́ tàbí tí olùtẹ̀wé òkè òkun bá wà nínú rẹ̀, ẹ wá a.

Nígbà tí mo ń kó ìwé mi sápò, mo rí ìyá olùkọ́ yẹn lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀dọ́kùnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ àsansílẹ̀. Ìyá ń bi í léèrè iye tó ń gbà lórí àwòrán kan. Ọmọ náà wo ilẹ̀, ó wo ìyá, ó ní, "Mà, n kò tíì mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka ìtàn náà ná." Ìyá ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ ìwé àjákọ kan tí etí rẹ̀ ti ká.